Igi Tí Ẹsẹ̀ Rẹ̀ Kò Kan Ilẹ̀

Cecilia tí ó ń ránṣọ lẹ́bàá ṣọ́ọ̀ṣì l'Òdìgbó ni ó kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ yìí fún mi. Mo bi í nípa igi ìyeyè kan ṣoṣo tí ó dá dúró lẹ́yìn ilé Pàpá Rufus, tí àwọn ọmọdé máa ń ṣa èso ìdí rẹ̀. Ẹsẹ̀ Cecilia wà lórí ẹ̀rọ ìránṣọ, kò sì dá a dúró títí ó fi sọ̀rọ̀ náà tán. Ó ní òun kò sọ ọ́ láti fi ẹnikẹ́ni ṣe yẹ̀yẹ́, pé ọ̀rẹ́ òun ni Ọládùnní, ohun tí ojú òun rí ni òun ń sọ. Bí ó ti sọ ọ́ nìyí, pẹ̀lú ìwọ̀nba tí Ọládùnní fúnra rẹ̀ bá mi fi kún un nígbà tó yá.

Ọmọ Pàpá Rufus ni Ọládùnní, Pàpá Rufus tí ilẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìnkùlé tí ó sì lọ títí dé etí odò. Ọládùnní ti lọ sílé ọkọ rí. Awakọ̀ gẹdú ni ọkọ rẹ̀, Orè ni wọ́n ń gbé, ojú ọ̀nà Benin ni ọkùnrin náà sì kú sí kí wọ́n tó bí ọmọ kankan. Ọládùnní kó ẹrù rẹ̀ padà wá sí Òdìgbó, bàbá rẹ̀ fún un ní oko ẹ̀gẹ́ ní Omifunfun, ó ń yan gàrí tà, ó ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin, ó sì ń dákẹ́ ju bí ó ti ń dákẹ́ tẹ́lẹ̀ lọ. Bí Cecilia bá dá ọ̀rọ̀ ọkọ sílẹ̀, ìdáhùn kan náà ni ó máa ń fún un.

"Bí mo bá tún máa fẹ́ ọkùnrin, kò ní jẹ́ èyí tí ń fi táyà jẹun. Èyí tó mọ bí a ṣe ń jókòó ni mo fẹ́."

Nígbà náà, owó epo ń ṣàn bí omi àkúnya. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀ ni. Àwọn tíṣà àti òṣìṣẹ́ ìjọba ń ti ọ̀nà jíjìn dé, kálukú pẹ̀lú rédíò rẹ̀ lábẹ́ apá. Ní Orè, ọkọ̀ kò dá, tọ̀sán tòru. Ẹnu gbogbo èèyàn sì wà lára Àgbàbù, níbi tí ọ̀dà dúdú ti ń sun jáde fúnra rẹ̀ láti inú ilẹ̀. Wọ́n ní ìjọba máa wà á, pé bí wọ́n bá ti wà á, Òdìgbó yóò di ìlú ńlá, àgbẹ̀ yóò máa wọ bàtà aláwọ lọ sóko.

Ọ̀rọ̀ ọ̀dà yìí ni ó gbé Babáfẹ́mi wá. Ará Ìkìrun ni, ó wà lára àwọn tí ìjọba rán wá gbẹ́ ilẹ̀ l'Àgbàbù láti mọ bí ọ̀dà náà ti jìn tó. Ọ̀gá Ọ̀dà ni àwọn ará ìlú ń pè é. Ó gba yàrá méjì lẹ́yìn ilé Pàpá Rufus. Kò tíì níyàwó, kì í gbé ohùn sókè, ó sì fẹ́ràn ohun tí ń hù. Bí ó bá ti Àgbàbù dé pẹ̀lú ọ̀dà ní èékánná, kò ní kọ́kọ́ jókòó. Á lọ wo bóyá àgbàdo ẹ̀yìn ilé ti yọmọ.

Ọjọ́ tí ó tọrọ ilẹ̀ kékeré lẹ́yìn yàrá rẹ̀ láti fi gbin ẹ̀fọ́, Ọládùnní ni ó gbé omi wá fún wọn. Ó gbọ́ gbogbo ohun tí bàbá rẹ̀ sọ.

"Ilẹ̀ wà," ni Pàpá Rufus wí. "Ẹ̀fọ́, ata, tòmátò, ohun tí ọbẹ̀ ń fẹ́, gbìn ín. Ṣùgbọ́n igi tó ń ta gbòǹgbò, ọmọ mi, o ò gbọdọ̀ rì í mọ́ ilẹ̀ mi láìbi mí. Ṣé o gbọ́ mi? Láìbi mí."

"Mo gbọ́, sà. Mi ò ní gbin igi kankan."

Pàpá Rufus wò ó díẹ̀, ó sì gbé ife omi sẹ́nu.

Ẹni tí kì í ṣe ará ìhín lè máà mọ ohun tí ó wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó gbin igi ni ẹni tó dúró. Àlejò lè gbin ẹ̀gẹ́, ó lè gbin àgbàdo, kí ó kórè rẹ̀ kí ó sì máa lọ. Ṣùgbọ́n bí ó bá gbin kòkó tàbí obì tàbí ọ̀pẹ, àní bí ó bá ri igi ìyeyè mọ́lẹ̀ láti fi ṣọgbà tí ìyeyè náà sì hù, kò ṣe é lé mọ́. Igi rẹ̀ ti jẹ́rìí sí i. Nítorí náà, àlejò tó bá fẹ́ di ará ilé á mú obì dání lọ bá onílẹ̀, á ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kí n gbin igi kan." Bí onílẹ̀ bá gba obì náà, àlejò ti di ọmọ ilé. Bí ó bá tún fẹ́ tọrọ nǹkan mìíràn nínú ilé yẹn lẹ́yìn náà, ojú kò ní tì í. Ọ̀pọ̀ àna rere ni ó gba ọ̀nà bẹ́ẹ̀ wọlé l'Òdìgbó.

Pàpá Rufus kò ní kí Babáfẹ́mi má gbin igi. Ó ní kí ó bi òun. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dé inú rẹ̀, a di odindi. Ọládùnní sì mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo èèyàn ni bàbá òun ń sọ àbọ̀ ọ̀rọ̀ fún. Àwọn tíṣà tí ó ti gbé yàrá yẹn ṣáájú, odindi ni ó sọ fún wọn: ẹ ò gbọdọ̀ gbin igi. Ó gba ife lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, ó gbé e wọlé, ó sì dúró ti ògiri fún ìgbà díẹ̀ kí ó tó lè rántí ohun tí ó fẹ́ ṣe.

Láti ọjọ́ yẹn ni ó ti ń dúró kí Babáfẹ́mi lọ bi bàbá rẹ̀.

Ọ̀nà oko Omifunfun gba ẹ̀gbẹ́ ọgbà ẹ̀fọ́ náà kọjá, ó lọ tààrà díẹ̀, lẹ́yìn náà ó yà ní ìdí kùkùté ìrókò kan tí àwọn onígẹdú gé ṣẹ́kù. Ẹni tó bá ti yà níbẹ̀ kò ní rí ilé mọ́. Láràárọ̀, bí òun àti Cecilia bá ń lọ sóko, tí wọ́n bá ti dé kùkùté náà, Ọládùnní á yíjú padà. Babáfẹ́mi á wà níbẹ̀ pẹ̀lú síńgílẹ́ẹ̀tì rẹ̀, tí ó ń fi agolo mílíìkì tí ó dá lu bomi rin ẹ̀fọ́, rédíò á máa sọ̀rọ̀ lójú fèrèsé.

"Dùnní, ọrùn rẹ máa wọ́ lọ́jọ́ kan," ni Cecilia wí.

"Ewúrẹ́ ni mò ń wò, kí wọ́n má lọ jẹ ẹ̀fọ́ ẹlẹ́fọ̀ọ́."

"Ewúrẹ́ tó wọ síńgílẹ́ẹ̀tì. Mo ti rí i."

Ṣùgbọ́n ewúrẹ́ kì í ṣe irọ́. Ewúrẹ́ Òdìgbó nígbà náà kò mọ ẹni tí ń jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba. Ọjọ́ Àìkú kan, Babáfẹ́mi ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, ó bá gbogbo tòmátò rẹ̀ nílẹ̀, ìdí nìkan ni wọ́n ṣẹ́kù fún un. Ó dúró síbẹ̀ pẹ̀lú Bíbélì lọ́wọ́. Pàpá Rufus ń wò ó láti ẹnu ọ̀nà, ó ní, "Ọgbà ni yóò gbà ọ́ lọ́wọ́ wọn." Ó sọ ọ́, ó sì dúró, bí ẹni tí ó ti ṣílẹ̀kùn sílẹ̀ fún ẹlòmíràn láti wọlé.

"Ẹ má dààmú, Bàbá," ni Babáfẹ́mi dáhùn. "Mo mọ bí mo ṣe máa ṣe ọgbà tí igi kankan ò ní kan ilẹ̀ yín."

Ọ̀dọ̀ Gàzálì ni ó gbà lọ. Jórinjórin ni Gàzálì, ará Auchi, ìsọ̀ rẹ̀ wà ní ìkóríta Orè lẹ́gbẹ̀ẹ́ gáréèjì. Ọládùnní ń gbé gàrí lọ sọ́jà lọ́jọ́ náà, ni wọ́n bá jọ wọ ọkọ̀ kan. Àwọn páìpù àlòkù tí wọ́n fi gbẹ́ ilẹ̀ l'Àgbàbù, tí wọ́n ti tẹ̀ tí ọ̀gá rẹ̀ sì ní kí ó kó wọn dànù, ni Babáfẹ́mi kó dání. Gàzálì gé wọn sí kékeré kékeré. Lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó jó irin pẹlẹbẹ mẹ́rin papọ̀ kí wọ́n lè ṣe ṣóńṣó bí ẹnu ọ̀kọ̀. Ẹnu ṣóńṣó ni yóò wọ ilẹ̀. Páìpù ni yóò kù sókè bí ife, inú ife yìí ni òpó igi yóò dúró sí, tí wọ́n á fi nọ́ọ̀tì há a mọ́.

"Ọ̀gá, ṣé ogun ni ẹ fẹ́ lọ jà ni?" Gàzálì bi í, ó gbé dígí ojú rẹ̀ sókè.

"Ewúrẹ́ ni mo fẹ́ bá jà."

"Ìyá mi nílé, igi lásán ni wọ́n rì yí ọgbà wọn ká. Ó ti di igbó báyìí, ẹyẹ ń gbé ibẹ̀."

"Kó má di igbó ni mo ṣe wá bá yín. Ilẹ̀ onílẹ̀ ni."

Gàzálì yíjú sí Ọládùnní. "Ọmọ onílẹ̀ ńkọ́, kí ni ẹ wí sí i?"

"Gàrí ni mo wá tà," ni Ọládùnní dáhùn, ó gbé igbá rẹ̀ ó ń lọ, ṣùgbọ́n ó rẹ́rìn-ín bí ó ti ń lọ, nítorí Babáfẹ́mi kò sọ fún Gàzálì pé kì í ṣe bí ó ti rò.

Ó ku igi tí wọ́n máa fi ṣe òpó. Ọládùnní ní òun yóò mú un wá láti Omifunfun. Babáfẹ́mi rò pé igi gbígbẹ ni yóò gbé wá, apá tàbí àfàrà tí àwọn onígẹdú já sílẹ̀. Ìyeyè tútù ni Ọládùnní gé, èyí tí oje ṣì ń kán lára rẹ̀. Cecilia bá a ru díẹ̀ níbẹ̀.

"Ìyeyè?" ni Cecilia bi í. "Ìyeyè tí a bá fi ti ilẹ̀kùn, á rúwé."

"Mo mọ̀."

Cecilia fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó wo ojú ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó sì gbé ẹ̀rín náà mì.

Ọjọ́ Sátidé ni wọ́n ṣọgbà náà. Òjò ti rọ̀, ilẹ̀ ti rọ̀. Babáfẹ́mi na okùn láti igun dé igun, ó sàmì sí ibi tí irin kọ̀ọ̀kan yóò wọlẹ̀. Ó ki kùkù igi kan bọ ẹnu páìpù kí òòlù má ba ẹnu rẹ̀ jẹ́, ó sì ní òun ń fẹ́ ẹni tí yóò bá òun di irin mú kí ó lè dúró ṣánṣán. Ọládùnní kúnlẹ̀, ó fi ọ̀pá há ẹ̀gbẹ́ irin náà, ó dì í mú. Òòlù ń sọ̀ kalẹ̀ lókè orí rẹ̀, irin ń gbọ̀n dé èjìká rẹ̀, kò sì bẹ̀rù. Níbòmíràn, irin á kan gbòǹgbò ìrókò àtijọ́, á fẹ́ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Babáfẹ́mi á dúró, á so òkúta mọ́ okùn kékeré kan, á fi wọ̀n ọ́n bóyá ó ti wọ́.

"Dì í mú dáadáa, Dùnní. Má jẹ́ kó yẹ̀. O ṣeun."

"O" yẹn ni ohun tí Ọládùnní kọ́kọ́ gbọ́. Láti ọjọ́ tí ọkùnrin náà ti dé, "Àǹtí Dùnní" ni ó ń pè é, "ẹ" ni ó sì ń fi bá a sọ̀rọ̀. Ó tẹ orí mọ́lẹ̀ kí ó má bàa rí ojú òun. Ó wù ú kí ilẹ̀ náà gùn títí dé Àgbàbù, kí irin máà tán.

Nígbà tí wọ́n ti ki òpó àkọ́kọ́ bọ inú irin tí wọ́n sì ti fi nọ́ọ̀tì há a, ó nu ọwọ́ sára ìró, ó bi í pé, "Kí ni irin yìí wà fún gan-an?"

Inú Babáfẹ́mi dùn sí ìbéèrè náà. "Igi tó bá wọ ilẹ̀, ikán á jẹ ẹ́, omi á rà á. Èyí ò ní kan ilẹ̀ rárá. Bó bá sì di ọjọ́ kan tí èèyàn ń lọ, ó kàn máa fa irin yọ ni. Ilẹ̀ á padà rí bíi pé ẹnikẹ́ni ò dé ibẹ̀ rí."

"Ṣé ìyẹn dára?"

"Ó dára fún ẹni tó ń gbé lórí ilẹ̀ onílẹ̀."

Ọládùnní wo òpó ìyeyè náà tí ó dúró ṣánṣán nínú bàtà irin. "Igi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò kan ilẹ̀," ni ó wí, "kí ni yóò máa jẹ?"

Babáfẹ́mi rò pé àwàdà ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì tún gbé òòlù.

Wọ́n la ọparun, wọ́n kàn án mọ́ àwọn òpó náà. Ní ọjọ́ kejì, àwọn ewúrẹ́ wá dúró lẹ́yìn ọgbà bí àwọn tí wọ́n lé kúrò nínú ìpàdé. Tòmátò so. Ní ìrọ̀lẹ́, Babáfẹ́mi á gbé abọ́ tòmátò àti ẹ̀fọ́ wá sí ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, á dúró síbẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ, á béèrè bí gàrí ti ń tà, á sọ bí àwọn ẹlẹ́rọ ti ṣe l'Àgbàbù. Pàpá Rufus á wúkọ́ nínú yàrá. Ọkùnrin náà á ní ó dàárọ̀. Ọládùnní á wo abọ́ náà títí kí ó tó dà á sínú omi.

Òjò ń rọ̀ lemọ́lemọ́ lọ́dún yẹn. Àárọ̀ ọjọ́ kan tí Ọládùnní ń kọjá lọ sóko, ó rí ohun pupa kékeré kan lórí òpó igun. Ó súnmọ́ ọn. Ewé ni. Ìyeyè ti ń rúwé. Ó wo òpó kejì àti ìkẹta, gbogbo wọn ni ó ń yọ ẹnu ewé lókè irin, láìsí ilẹ̀ lábẹ́ wọn, omi inú ara wọn nìkan ni wọ́n ń mu. Ó fi ìka kan ọ̀kan. Ó rò ó pé: ọ̀rọ̀ dé. Bàbá yóò rí i. Bàbá yóò béèrè. Òun náà á wá ní ohun tí yóò wí.

Lọ́jọ́ Àìkú, Pàpá Rufus fi ọ̀pá rìn dé ìdí ọgbà náà. Ọládùnní ń ṣa ìrẹsì lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó ń gbọ́ wọn.

"Fẹ́mi. Igi rẹ ń rúwé."

Babáfẹ́mi yára jáde. Ó wo àwọn òpó náà bí ẹni tí wọ́n ká ẹrù olè mọ́ lọ́wọ́. "Ẹ jọ̀ọ́, sà. Ẹ má bínú. Wọn ò kan ilẹ̀." Ó tú nọ́ọ̀tì òpó igun, ó fà á yọ kúrò nínú irin, ó yí ìdí rẹ̀ sókè kí bàbá lè rí i. "Ẹ wò ó, Bàbá. Kò ta gbòǹgbò. Kò lè ta á."

Pàpá Rufus wo ìdí igi náà. Ó mi orí.

Babáfẹ́mi rò pé ìbínú ni. Ó wọlé, ó mú àdá jáde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ha ewé náà kúrò láti òpó dé òpó, títí gbogbo rẹ̀ fi tún dán. Ewé tútù bo ilẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Ta ló ní kí o ha á?" ni Pàpá Rufus bi í, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Kí ọkàn yín lè balẹ̀ ni, sà."

"Ọkàn mi," ni bàbá wí. Ó gbé ọ̀pá rẹ̀, ó padà wọlé. Nígbà tí Ọládùnní gbé oúnjẹ fún un, ó jẹ díẹ̀, ó ní, "Wọ́n kọ́ ọmọkùnrin yẹn nílé." Ọládùnní kò mọ̀ bóyá ó ń yìn ín ni àbí ó ń kédàárò. Nígbà tí oòrùn rọ̀, ó mú ìgbálẹ̀ lọ sí ìdí ọgbà, ó gbá àwọn ewé náà jọ. Kò kó wọn sórí ààtàn. Ó wọ́n wọn sí ìdí tòmátò.

Ó dúró títí. Àwọn ọjọ́ ń lọ, Babáfẹ́mi ń gbé ẹ̀fọ́ wá, ẹnu rẹ̀ kò kan igi. Ọládùnní mọ̀ pé kì í ṣe ẹnu obìnrin ni ó yẹ kí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ti jáde. Ṣùgbọ́n nígbà tí ara rẹ̀ kò gbà á mọ́, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí ọkùnrin náà ń bomi rin ẹ̀fọ́, ó lọ dúró lẹ́yìn ọgbà, ó di ọparun mú.

"Bàbá ní kí ẹ bi àwọn."

"Kí n bi wọ́n ní kí ni?"

"Ọ̀rọ̀ igi. Lọ́jọ́ tí ẹ gba ilẹ̀ yìí. Wọn ò ní kí ẹ má gbìn ín. Wọ́n ní kí ẹ bi àwọn."

Omi ń kán láti inú agolo sórí ẹsẹ̀ rẹ̀. "Mo rò pé wọ́n ń kìlọ̀ fún mi ni."

"Ẹni tí wọ́n bá fẹ́ kìlọ̀ fún, wọn kì í sọ ọ́ bẹ́ẹ̀."

Babáfẹ́mi gbé agolo sílẹ̀. Nígbà tó yá, ó ní, "Bí èèyàn bá wá bi wọ́n ńkọ́?"

"Wọ́n á gbà."

"Lẹ́yìn ìyẹn ńkọ́?"

Ọládùnní wo ọwọ́ ara rẹ̀ lórí ọparun. "Ẹ̀yin náà kì í ṣe ọmọdé."

Babáfẹ́mi fi àtẹ́lẹwọ́ kan orí òpó ìyeyè, níbi tí ó ti ha ewé rẹ̀. Ó fẹ́ sọ nǹkan kan, Ọládùnní rí i lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí ó jáde ni, "Jẹ́ kí n rò ó, Dùnní."

Èyí tó láti fún un láyọ̀. Ẹni tó bá ń rò ó, kò tíì kọ̀ ọ́. Ní ọjọ́ ọjà, ó ra obì àbàtà, ó fi ewé wé e, ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ìkòkò omi níbi tí ó tutù, kí ọkùnrin náà má bàa wí pé òun kò rí obì tí òun máa mú dání. Láràárọ̀ á tú u wò, á wọ́n omi sí i, á pààrọ̀ ewé rẹ̀. Cecilia bá a nídìí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

"Ọmọ ta ni ò ń wẹ̀ fún?" ni Cecilia bi í.

"Jẹ́ n ríbi sinmi."

Láàárín ìgbà yẹn ni àwọn ọkọ̀ ńlá bẹ̀rẹ̀ sí í ti Àgbàbù jáde, tí wọ́n kó ẹ̀rọ lé ẹ̀yìn, wọ́n ń gba Òdìgbó kọjá lọ sí Orè. Wọ́n ní ìjọba ṣì máa padà wá wa ọ̀dà náà. Àwọn àgbẹ̀ wò wọ́n kọjá, wọ́n sì padà sí ìdí kòkó wọn. Ọládùnní bi Babáfẹ́mi bóyá iṣẹ́ ti tán, ó ní ó ku díẹ̀ tí àwọn máa ṣe.

Nígbà tí ojú obì kan bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú, Ọládùnní sọ fún ara rẹ̀ pé òun kò ní jẹ́ kí ìyókù bàjẹ́. Òun yóò fi lé e lọ́wọ́. Òun yóò ní, "Bàbá wà nílé, ẹ gbé e lọ bá wọn." Ó dìde láàárọ̀, ó wọ ìró tí ó mọ́, ó di obì náà sí ìṣẹ́tí ìró rẹ̀, ó gbé agbọ̀n oko. Ó sọ fún Cecilia kí ó dúró dè é lójú ọ̀nà.

Ó yí ẹ̀yìn ilé dé ibẹ̀, ó dúró. Kò sí ọgbà mọ́. Wọ́n ti kó àwọn òpó ìyeyè jọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ọparun sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Babáfẹ́mi fi ọ̀pá irin há ìdí irin tó kẹ́yìn, ó gbé e lé òkúta, ó ń wọ́ ọ sókè. Irin náà jáde pẹ̀lú erùpẹ̀ tútù lára. Gbogbo ihò tí àwọn yòókù ti jáde ni ó ti fi erùpẹ̀ dí, tí ó sì ti fẹsẹ̀ tẹ̀ pa.

"Kí ló dé?"

Ó gbọ́ ohùn rẹ̀, ó nàró. "Wọ́n ti gbé mi lọ sí Jọs. Mọ́tò ibi iṣẹ́ máa wá gbé mi lónìí."

"Láti ìgbà wo ni ẹ ti mọ̀?"

Babáfẹ́mi kì í purọ́, ibi tí ó dára sí nìyẹn. "Kí ẹ tó bá mi sọ̀rọ̀ igi."

Ewúrẹ́ kan ti wọ inú ẹ̀fọ́, ó ń jẹ. Kò sí ẹni tí ó lé e.

"Ṣé ẹ bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí ẹ dúró?"

"Iṣẹ́ ìjọba ni, Àǹtí Dùnní."

Ọládùnní gbọ́ ọ. Ó ti padà di Àǹtí, ó sì ti padà di "ẹ."

"Irin wọ̀nyí ńkọ́? Ṣé ẹ máa kó wọn lọ sí Jọs ni?"

"Rárá o. Mo rò pé bí mo bá fi wọ́n sílẹ̀, ọkọ́ Bàbá lè lọ kàn wọ́n lọ́jọ́ kan. Mo fẹ́ kí ilẹ̀ wọn rí bó ṣe rí kí n tó dé."

Òótọ́ ni ó ń sọ, ó sì rò pé oore ni. Ọládùnní wo ilẹ̀ títẹ́ náà, níbi tí òun ti kúnlẹ̀ tí òun di irin mú. Bí a kò bá sọ fún èèyàn, kò lè mọ̀. Ihò kan ṣoṣo ni ó kù, èyí tí irin ìkẹyìn ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú rẹ̀.

Ó sọ agbọ̀n rẹ̀ kalẹ̀. Ó lọ sídìí àwọn òpó, ó ń yí wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan títí ó fi rí èyí tí ẹnu ewé tún ti ń yọ lára rẹ̀, lẹ́yìn gbogbo àdá yẹn. Ìyeyè kì í tètè kú. Ó mú ọkọ́ láti inú agbọ̀n, ó gbẹ́ ihò náà fẹ̀, ó gbẹ́ ẹ jìn, ó ri igi náà mọ́ ọn, ó wa erùpẹ̀ bò ó, ó sì fi ẹsẹ̀ òun náà tẹ̀ ẹ́ pa.

"Dùnní," ni Babáfẹ́mi wí, "Bàbá ní ẹni tó bá máa gbin igi..."

"Ọmọ onílẹ̀ ni mí. Èmi kì í bi ẹnikẹ́ni."

Ó gbọn erùpẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ dànù. Lẹ́yìn náà ó tú ìṣẹ́tí ìró rẹ̀, ó mú obì náà jáde pẹ̀lú ewé rẹ̀, ó nà án sí i.

"Ẹ máa jẹ ẹ́ lọ́nà. Ọ̀nà Jọs jìn."

Ọwọ́ méjèèjì ni ó fi gbà á. Ó tú ewé náà, ó rí i bí wọ́n ti ń wọ́n omi sí obì náà tí wọ́n ń tọ́jú rẹ̀, ó rí èyí tí ojú rẹ̀ ti dúdú. Nígbà náà ni àbọ̀ ọ̀rọ̀ di odindi nínú rẹ̀. Ó wo ẹnu ọ̀nà Pàpá Rufus, ó wo obì, ó wo obìnrin náà.

"Bí mo bá lọ bá Bàbá nísinsìnyí ńkọ́?"

Ọládùnní dúró fún ìgbà tí ó tó kí ẹsẹ̀ gbé èèyàn dé ẹnu ọ̀nà yẹn bí ó bá fẹ́ lọ. Babáfẹ́mi kò kúrò lójú kan. Obì wà lọ́wọ́ rẹ̀ kan, ọ̀pá irin ti padà sí ìkejì.

"Mọ́tò yín ń bọ̀," ni ó wí. Ó ká òṣùká, ó gbé e lé orí, ó gbé agbọ̀n rẹ̀ rù.

Cecilia ti rí gbogbo rẹ̀ láti ojú ọ̀nà. Ó gbé agbọ̀n tirẹ̀ rù. Wọ́n ń lọ, agbọ̀n ń dún lórí wọn, ìrì ṣì wà lórí koríko. Bí wọ́n ti ń súnmọ́ kùkùté ìrókò, Cecilia dẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ó ti máa ń ṣe, kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ lè ráyè yíjú padà. Òun fúnra rẹ̀ wẹ̀yìn. Ọkùnrin náà ti jáde wá sójú ọ̀nà, ní síńgílẹ́ẹ̀tì, pẹ̀lú ewé obì lọ́wọ́.

"Ó ń wò wá," ni Cecilia wí ní ohùn kékeré. "Dùnní, ó gbé ọwọ́ sókè."

Ọládùnní gbé ọwọ́ lé agbọ̀n orí rẹ̀, ó dì í mú gírígírí, bí ẹni pé agbọ̀n náà ni ó ń fẹ́ yí tí kì í ṣe ọrùn òun. Ó yà ní ìdí kùkùté náà, ó sì ń lọ, kò wẹ̀yìn.